Ọmọ mi ní Stillwater lòun fẹ́ jókòó sí máa kọ orin kọ́ńtírì: ṣé ó máa rí jẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Houston là ń gbé, ibẹ̀ náà la bí ọmọ mi ọkùnrin sí, ọmọ ọdún 22 ni, May tó ń bọ̀ yìí ló máa parí ní Oklahoma State University ní Stillwater. Mo ti ń retí pé á wálé wá wáṣẹ́, ló bá ní òun ò kúrò níbẹ̀ o, orin kọ́ńtírì lòun fẹ́ máa kọ, pé ó ti tó ọdún méjì tóun ti ń lo gìtá nílé ọtí lọ́jọ́ Thursday. Bàbá ẹ̀ ní tó bá jẹ́ orin ló yàn, kó kúkú kọjá sí Nashville níbi tówó wà. Ọkùnrin kan tún ti gbé ìwé wá fún un pé kó fọwọ́ sí, pé òun á máa bá a mójú tó àwọn orin ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èèyàn ń rí jẹ nírú ìlú kékeré bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé tẹ́ ẹ béèrè, mà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn olórin tọpa owó orin wọn, kí n wá a lọ síbi tó bá há sí, àwọn tó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń bá ṣe, àwọn ọmọ Oklahoma àti Texas tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nílùú yunifásítì ni, bíi ti ọmọ yín gẹ́lẹ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó ká yín lára jù: wọ́n ń rí jẹ, àmọ́ kì í ṣe ìlú yẹn ló ń bọ́ wọn. Orin ni Stillwater máa ń fún olórin, owó máa ń gba ibòmíì wá, ó sì dìgbà tí orin ọ̀hún bá ṣì wà lórúkọ ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú tèmi la fẹ́ fi wò ó, kí ọmọ yẹn dúró. Kó ṣe ọdún bíi mélòó kan níbẹ̀, kó jókòó ti àwọn àgbà, kó má tíì sáré lọ Nashville. Mo mọ̀ pé Dádì ò ní fẹ́ gbọ́ èyí, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù kà á dópin.

Ìlú kékeré ni lóòótọ́. Nígbà ìkànìyàn 2020, àwọn ará ibẹ̀ ò ju bí 48,000 lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì yẹn nìkan sì ń lọ sí bí 25,000. Ó ju wákàtí kan díẹ̀ lọ sí Tulsa, bẹ́ẹ̀ náà ló rí sí Oklahoma City. Ilẹ̀ pupa ni gbogbo agbègbè yẹn, ibẹ̀ lorúkọ Red Dirt tí wọ́n ń pe orin wọn ti wá, torí pé níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Steve Ripley tó lọ sí OSU, ìyẹn yunifásítì ọmọ yín, àti báńdì ẹ̀ tó ń jẹ́ Moses gbé àwo kan jáde, orúkọ tí wọ́n kọ sára àwo yẹn bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni Red Dirt, ó sì mọ́ gbogbo wọn lórí títí dòní. Kọ́ńtírì ni, àmọ́ ẹ óò gbọ́ rọ́ọ̀kì nínú ẹ̀, ẹ óò gbọ́ búlúùsì, ẹ óò sì gbọ́ Woody Guthrie, olórin tí wọ́n bí sí Okemah ní Oklahoma níbẹ̀ lọ́dún 1912, ẹni tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ inú orin ló jẹ ẹ́ lógún ju ohùn dídùn lọ.

Ilé kan lẹ́yìn ìlú ló sọ Stillwater di nǹkan. Láti nǹkan bí òpin àwọn ọdún 1970 títí dé òpin àwọn ọdún 1990, John Cooper tó wà nínú báńdì Red Dirt Rangers àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ háyà ilé àtijọ́ kan tó ní yàrá púpọ̀, wọ́n ń pè é ní The Farm, gáréèjì tó wà níbẹ̀ ni wọ́n sọ di ibi orin, wọ́n fún un lórúkọ, wọ́n pè é ní Gypsy Café. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á dáná síta, wọ́n á yí i ká, gìtá á máa ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹni tó bá kàn á kọ orin tí òun fúnra ẹ̀ hun, àwọn tó kù á dákẹ́, wọ́n á gbọ́. Mà, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn nìyẹn, pé àwọn tó kù á dákẹ́ gbọ́. Nílé ọtí, ariwo lẹ máa bá, ẹni tó ń mutí ò gbọ́ ìlà kejì orin yín, àmọ́ ẹni tóun náà ń kọ orin á gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti rọ̀, ó sì máa sọ fún yín lójú yín. Kò sí ilé ìwé kankan tí mo mọ̀ tó ń kọ́ èèyàn ní orin kíkọ bíi kéèyàn jókòó síbi tójú á ti máa tì í láti kọ orin tí ò tíì dáa. Iná jó ilé yẹn ní 2003, ilé lọ, àṣà yẹn ò lọ.

Àgbà wọn níbẹ̀ ni Bob Childers. 1946 ni wọ́n bí i, ọdún 1979 ló ṣe àwo ẹ̀ àkọ́kọ́, ó gbìyànjú Nashville, ó gbìyànjú Austin, ó sì padà wá sí Stillwater, inú ilé alágbèéká ló ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò lówó rẹpẹtẹ títí tó fi kú ní 2008. Mi ò fẹ́ fi èyí pa mọ́ fún yín torí ìyá lẹ jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Cody Canada àti báńdì Cross Canadian Ragweed tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú Yukon ní Oklahoma ní 1994 kí wọ́n tó kó wá sí Stillwater, Jason Boland, Stoney LaRue, gbogbo wọn ló jókòó lẹ́sẹ̀ ẹ̀, wọ́n sì gbé orin ẹ̀ sínú àwo tiwọn, tó túmọ̀ sí pé owó orin yẹn ń wọlé sórúkọ ẹ̀ láìjẹ́ pé òun ló dúró sórí ìtàgé. Ní April 2025, Ragweed tí wọ́n ti tú ká láti 2010 tún padà kóra jọ, àwọn pẹ̀lú Turnpike Troubadours, The Great Divide, Jason Boland àti Stoney LaRue fi òru mẹ́rin kọrin ní pápá ìṣeré Boone Pickens tó wà nínú yunifásítì ọmọ yín gan-an, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà lé ní 180,000. Orin tí wọ́n hun nílé ọtí kéékèèké àti lẹ́bàá iná ló kó èrò yẹn jọ, bẹ́ẹ̀ àwọn rédíò ńlá ńlá Nashville ò kà wọ́n sí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ti Nashville tí Dádì ń sọ. Ṣebí gbogbo wa la mọ Garth Brooks, olórin kọ́ńtírì tó lókìkí káàkiri ayé. OSU yẹn náà ló lọ, ọ̀kọ̀ ló ń jù fún wọn, ó gboyè nínú ìpolówó ọjà ní 1984, nílé ọtí Willie's ní Stillwater ló sì ti ń lo gìtá lálaalẹ́. 1985 ló kọ́kọ́ gbéra lọ Nashville, kò lò ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ tó fi padà sílé, torí ohun tó bá níbẹ̀ ò jọ ohun tó ti ń rò. Ó padà sí Stillwater, ó wọnú báńdì kan tó ń jẹ́ Santa Fe, òun àtàwọn bíi Tom Skinner, wọ́n ń ṣeré káàkiri. 1987 ló tó tún lọ, 1989 ni àwo ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, ìyókù ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni ọdún méjì tó wà láàárín 1985 sí 1987. Ọdún méjì yẹn, ìtàgé kékeré ló fi í ṣe, òru lẹ́yìn òru, níwájú àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n lórúkọ. Ẹ tún wo Tom Skinner tí wọ́n jọ lọ ní 1987: òun padà sílé, ó di ẹni tí gbogbo olórin Oklahoma ń bọ̀wọ̀ fún, ní Tulsa ó ní alẹ́ Wednesday tiẹ̀ tó máa ń pe àwọn ọmọdé sórí ìtàgé kí wọ́n wá gbìyànjú orin tuntun wọn wò, títí tó fi kú ní 2015. Ọ̀nà méjèèjì yẹn la fi ń lo ayé yìí, mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ̀kan sẹ́yìn fún ìkejì.

Nashville, ibi tí wọ́n ti ń ta orin ni. Ọmọ tó bá lọ síbẹ̀ pẹ̀lú orin mẹ́fà, lára èyí tó jẹ́ pé méjì péré ló dáa, yóò pàdé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí wọ́n ti kọ ọgọ́rùn-ún méjì, rẹ́ǹtì ibẹ̀ sì ti wọ́n kọjá bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tó máa fi san rẹ́ǹtì ni kò ní jẹ́ kó kọ orin. Kó dìgbà tí orin ẹ̀ bá ti pọ̀ tó ti le.

Ìgbé ayé ojoojúmọ́ ńkọ́? Ká má tanra wa, ó le. Ilé ọtí ìlú yunifásítì fẹ́ kéèyàn kọrin wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin lálẹ́ kan, orin olórin ni wọ́n sì fẹ́ gbọ́, èyí tí gbogbo wọn lè bá a gbè. Ẹni tó bá ń ṣe ìyẹn lóru mẹ́rin lọ́sẹ̀, ohùn ẹ̀ á ha, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tó jọ ti àwọn tó ń sín jẹ, mo ti rí i púpọ̀. Ìmọ̀ràn mi fún un ni pé nínú orin mẹ́ta tó bá kọ, kí ọ̀kan jẹ́ tiẹ̀, kó kàn wọ̀ ọ́ láàárín, kó má ṣàlàyé pé òun lòun ni ín, kó kàn máa wo ojú wọn bóyá wọ́n á yọ fóònù tàbí wọ́n á gbójú sókè.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀ ni kàlẹ́ńdà. Ìlú yẹn dà bí ọjà tó ń ná tó tún ń tú. Láti ìparí August tí wọ́n bá wọlé, ilé ọtí kún, lọ́jọ́ Saturday tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà wọn nílé, ẹsẹ̀ ò gbèrò. Tó bá di Kérésì, ó pa. Tó bá di àárín May, ó pa pátápátá títí di August tún dé. Oṣù mẹ́ta tó ń lọ sí mẹ́rin nìyẹn láìsí owó ilé ọtí. Àwọn tó gbọ́n láàárín wọn, àsìkò yẹn ni wọ́n fi ń rìnrìn àjò lọ kọrin ní Texas, Kansas, Arkansas, àwọn míì ń gba iṣẹ́ ilé kíkọ́ tàbí kíkó ẹrù, àwọn míì ń kọ́ ọmọdé ní gìtá lọ́dún kúrò lọ́dún. Kí ọmọ yín ní ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí lọ́wọ́ kí May tó dé, ẹ bi í léèrè, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ fún yín pàtó.

Nǹkan míì sì tún ni pé lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin, gbogbo àwọn tó mọ orin ẹ̀ á gboyè, wọ́n á lọ. Ó máa ń dun àwọn ọmọ yìí gan-an nígbà àkọ́kọ́ tó bá ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n Dallas ni wọ́n ń lọ, Houston, Tulsa, wọ́n á ríṣẹ́, wọ́n á lówó, wọ́n á sì fẹ́ gbọ́ orin tí wọ́n fi ṣe ọmọ ogún ọdún. Ọ̀nà tí Red Dirt gbà wọ Texas nìyẹn. Kó máa gba ímeèlì wọn sílẹ̀ lórí tábìlì tó ti ń ta tíṣáàtì, lálaalẹ́, kó má fojú kéré ẹ̀.

Owó wá ni, ibi tó jẹ́ iṣẹ́ mi gan-an. Orin kan ní ohun ìní méjì nínú lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà: orin fúnra ẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn, àti gbígbà tí wọ́n gbà á sílẹ̀ ní sìtúdíò. Ọmọ yín lè ni méjèèjì. Tí rédíò AM tàbí FM bá lo orin ní Amẹ́ríkà, ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ló ń gbowó, ẹni tó fẹnu kọ ọ́ ò gba kọ́bọ̀, ó ya èèyàn lẹ́nu àmọ́ bẹ́ẹ̀ lòfin wọn wí. Ẹgbẹ́ ASCAP tó wà láti 1914 àti BMI tó wà láti 1939 ló ń bá wọn gbà á, ọ̀kan ṣoṣo ló máa yàn. Àwọn ilé ọtí pẹ̀lú ń sanwó fún wọn, torí náà bó bá kọ orin tiẹ̀ nílé ọtí tó ní láìsẹ́ńsì, ó lè wọlé sórí ìkànnì ẹgbẹ́ ẹ̀, kó kọ orúkọ ibẹ̀, ọjọ́ àti àwọn orin tó kọ síbẹ̀, wọ́n á sanwó fún un. Kò pọ̀, àmọ́ mélòó nínú wọn ló ń ṣe é! Òru tí wọ́n ti kọ orin tán, wọ́n á kó gìtá sínú ọkọ̀, ó parí.

Ti àwo, iye tí òfin ní kí wọ́n san fún ẹni tó kọ orin fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, 9.1 sẹ́ǹtì ni láti 2006 títí di 2022, nígbà tó di 2025 ó ti di 12.7 sẹ́ǹtì. Ìyẹn ni pé tí báńdì míì bá gbé orin ẹ̀ kan ṣoṣo sínú àwo, tí wọ́n ta 1,000, ní iye ọdún 2025 yẹn, dọ́là 127 ló máa kàn án. Ẹ wò ó, orin kan, báńdì kan, kò tó nǹkan. Orin ogójì lọ́wọ́ báńdì mẹ́wàá, tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé kó jókòó kọ orin tó pọ̀. Ti Spotify àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, àjọ kan tí wọ́n ń pè ní MLC ló ń gba apá kan lára owó ẹni tó kọ orin láti January 2021. Nígbà tí àjọ yẹn bẹ̀rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kó owó tó lé ní mílíọ̀nù 424 dọ́là fún wọn, owó orin tí wọn ò rí ẹni tó ni ín. Ẹ bá mi rò ó, mílíọ̀nù 424. Inú ń bí mi tí mo bá rántí ẹ̀, torí owó àwọn ọmọ bíi tiyín wà nínú ẹ̀, tí wọn ò forúkọ sílẹ̀ ni. Ti rédíò sátẹ́láìtì, àjọ tó ń jẹ́ SoundExchange ló ń gbà á, àwọn ń san 45 nínú ọgọ́rùn-ún tààrà fún ẹni tó fẹnu kọ ọ́. Ọ̀fẹ́ ni kó forúkọ sílẹ̀ ní MLC àti SoundExchange. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló máa fi ṣe gbogbo ẹ̀.

Tó bá bá ọ̀rẹ́ kọ orin pọ̀, kí wọ́n kọ ìpín oníkálukú sórí ìwé lóru ọjọ́ yẹn náà, kí wọ́n jọ fọwọ́ sí i. Tí kò bá sí ìwé, òfin á gbà pé ọgbọọgba ni wọ́n jọ ni ín, ìbáà jẹ́ ìlà kan lẹnì kejì dá sí i.

Ẹ ò béèrè, àmọ́ mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn yín: ọmọ dúdú nínú kọ́ńtírì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé àlejò lòun níbẹ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà ni bánjò ti wá, DeFord Bailey tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn ìràwọ̀ àkọ́kọ́ tí Grand Ole Opry, ètò orin kọ́ńtírì orí rédíò ní Nashville, ní láti àwọn ọdún 1920, ẹ sì mọ Charley Pride, olórin kọ́ńtírì tóun náà jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Shaboozey, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá àti ìyá ẹ̀, ọmọ Ígbò ni wọ́n, Virginia ni wọ́n bí i sí, ní 2024 orin ẹ̀ kan wà ní ipò kìíní lórí Billboard Hot 100, ìyẹn àtẹ àwọn orin tó ń lọ jù ní Amẹ́ríkà, fún ọ̀sẹ̀ 19. Ṣebí nínú ilé tiwa náà, Jim Reeves àti Don Williams ni wọ́n fi ń jí wa láàárọ̀ Sunday. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lọ́dọ̀ yín ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mà.

Èyí tẹ́yin lè ṣe fún un báyìí, inṣọ́ránsì ìlera yín lè gbé e títí á fi pé ọmọ ọdún 26, ẹ má yọ ọ́ kúrò. Ìdí pọ̀ tí olórin fi ń gbé ọgbẹ́ inú kiri, àìrí owó dókítà san ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé Red Dirt Relief Fund wà, ó ti wà láti 2012, àwọn olórin Oklahoma tí àìsàn tàbí ìjàǹbá bá dé bá ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́, wọ́n ṣì ń ṣe ọjọ́ orin Gypsy Café ní Stillwater lọ́dọọdún láti fi kówó jọ fún un, wọ́n fi ń rántí Childers.

Ó ku ìwé ọkùnrin yẹn. Kó má tíì fọwọ́ sí i. Owó orin, apá méjì ni wọ́n máa ń pín in sí, ìdajì ti ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, ìdajì ti publisher, ìyẹn ẹni tàbí ilé iṣẹ́ tó ń mójú tó orin náà, nísinsìnyí méjèèjì ni ọmọ yín ń mú. Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni ọkùnrin yẹn kàn fẹ́ máa mójú tó o, iṣẹ́ yẹn, 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa ń gbà níbẹ̀, fún ọdún díẹ̀, orin á sì ṣì jẹ́ ti ọmọ. Tẹ́ ẹ bá rí i nínú ìwé náà pé ó ń gbé níní orin fún un, tàbí pé gbogbo orin tó bá kọ lọ́jọ́ iwájú wọ inú ẹ̀, tàbí tí kò sí ọjọ́ tó máa parí, ẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ yín, kó má fọwọ́ sí i. Ẹ̀tọ́ orin máa ń wà títí ẹni tó kọ ọ́ á fi kú, á sì tún lo 70 ọdún sí i fún àwọn ọmọ ẹ̀. Tó bá fi tọrẹ lónìí, òfin fún un láàyè láti gbà á padà, àmọ́ ó di lẹ́yìn 35 ọdún, á ti di ọmọ ọdún 57 nígbà yẹn. Ní Houston níbẹ̀, ẹ wá àjọ kan tí wọ́n ń pè ní Texas Accountants and Lawyers for the Arts, wọ́n máa ń wá lọ́yà fún olórin tówó ẹ̀ ò tó nǹkan. Kí lọ́yà orin ka gbogbo ìwé náà, kì í ṣe lọ́yà ilé tàbí ti ìmígírésọ̀n o, lọ́yà orin. Tí ọkùnrin yẹn bá ní dandan ni kó fọwọ́ sí i kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó dá a padà fún un láìfọwọ́ sí i, kó sì lọ forúkọ àwọn orin ẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.